Ọ̀já Tí Màmá Àgbà Jẹ Ní Gbèsè

Ní Voss, ìlú kan ní Norway, bí o bá fẹ́ mọ ẹni tí èèyàn í ṣe, má wulẹ̀ bi í. Dúró di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún, ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè wọn, kí o wo ohun tó wọ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlú á tú síta pẹ̀lú àsíá àti fèrè, àwọn ọmọdé á lá áísìkirimù títí inú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọn, àwọn obìnrin á sì gbé bunad, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, jáde. Bunad kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń rà torí pé ó wù ú. Ibi tí ìran rẹ bá ti ṣẹ̀ wá ni bunad rẹ ti ń wá. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá ti Hardanger wá kò gbọdọ̀ dán ti Voss wò, ì báà ti gbé ní Voss títí irun rẹ̀ fi funfun. Bó bá dán an wò, kò sẹ́ni tó máa bá a jà; ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n á kàn wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Ó mà dáa o." Obìnrin kan wà tó kó kúrò nílùú nítorí "ó mà dáa o."

Gudrun ni olórí àwọn tó ń wo èèyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n bí bọ́tìnì fàdákà kan bá yẹ̀ lójú ààyè rẹ̀ ní òdìkejì títì, Gudrun ti rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń rán bunad fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ìgbọ́wọ́lé ní ṣọ́ọ̀ṣì: yẹ̀rì dúdú, ápúrọ́ọ̀nù funfun, àti aṣọ àyà tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Tó bá rán an tán, á ní kí ọmọ náà dúró lórí àtẹ̀gùn ilé, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ ló ti wà lára ògiri náà, àfi ẹyọ kan. Ìṣó tirẹ̀ ti wà níbẹ̀ ní tiẹ̀. Fọ́tò ni kò sí lára rẹ̀.

Ragnhild ni ẹyọ kan yẹn. Guangxi ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti bí i, kò sì tíì rìn geere nígbà tí Torunn, ọmọ Gudrun, àti Eivind ọkọ rẹ̀ lọ gbà á wá láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ó dàgbà sí Voss. Ó ń sọ èdè Voss bí ẹni tó bá ọyàn mu ún, ó ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín bí ẹja nínú odò, ó sì mọ àgùntàn bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n Torunn kì í ṣe ìyá tó máa jẹ́ kọ́mọ gbàgbé orísun. Ó ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ó lọ sípàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì yá, òun ni wọ́n ń pè sípàdé pé kó wá bá àwọn òbí yòókù sọ̀rọ̀. Àtùpà pupa oníwèé ló wà ní gbogbo igun ilé rẹ̀. Lálẹ́ Jímọ̀, tí gbogbo Norway bá jókòó ti tákò, oúnjẹ ilẹ̀ Mẹ́síkò, ilé Torunn nìkan ni wọ́n ti ń jẹ ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, wọ́n á sì máa fi igi ìjẹun lé e kiri inú àwo. Ragnhild fẹ́ràn tákò dé góńgó. Bí àlejò bá wà nílé, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ṣáínà, Qiuyan, ni Torunn máa ń fi pè é. Bí àlejò bá ti lọ tán, tó ku abọ́ fífọ̀, á tún di Ragnhild.

Lọ́jọ́ Sunday kan lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń mu kọfí lọ́dọ̀ Gudrun. Ragnhild wo ìṣó ara ògiri, ó wo ìyá àgbà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ ò tíì wọn ìbàdí mi o."

Gudrun wúkọ́. "Ìbàdí? Kí n wọ̀n ọ́n fún kí ni?"

"Fún bunad ni. Ọdún tó ń bọ̀ ni màá gba ìgbọ́wọ́lé. Ní ti Åshild tó wà lára ògiri yẹn, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ku ọdún kan."

Torunn gbé ife kalẹ̀. "Qiuyan ti ní aṣọ tirẹ̀. Síliìkì pupa, ọrùn gíga. Ó yẹ kó fi ìgboyà gbé ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀—"

"Mọ́mì, kò sálejò níbí o."

"Torunn," ni Gudrun wí, "aṣọ síliìkì yẹn, ti àdúgbò wo ni?"

"Ti Ṣáínà ni, Màmá."

"Mo gbọ́ Ṣáínà. Mo ní àdúgbò wo? Ṣé o ti rí ẹni tó wọ bunad 'ti Yúróòpù' rí?"

Torunn tún gbé ife rẹ̀ mu. Inú Ragnhild dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà ò pẹ́, torí Gudrun yíjú sí òun náà.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ bí ojú. Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ìran laṣọ ń tẹ̀ lé. Bí mo bá wọ ti Voss fún ọ, tí Borghild tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́ bá wò ọ́, tó wá ní 'ó mà dáa o' ńkọ́? Mi ò ní í tìtorí ìfẹ́ jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ-ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí wọ́n bí ọ sí ò lè ṣaláì ní aṣọ tirẹ̀. Màá rán an fún ọ, màá sì rán an bó ṣe tọ́. Àmọ́ mi ò lè rán ohun tí mi ò fojú rí."

Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò pa òwe yẹn fún Gudrun rí. Ní Voss, àyà ni ìlẹ̀kẹ̀ ń gbé, ó sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ragnhild tún wo ìṣó náà. Kì í ṣe pé ó kórìíra Ṣáínà. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ó dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn nínú aṣọ tí gbogbo àwọn yòókù wọ̀, kí fọ́tò òun náà wà lára ìṣó. Tẹ́lẹ̀ rí, ó rò pé ìyá àgbà kàn gbàgbé ni. Ẹni tó gbàgbé, èèyàn lè rán an létí. Kí lèèyàn máa ṣe fún ẹni tó rántí?

Bí wọ́n ṣe pinnu àtilọ sí Ṣáínà nìyẹn, nígbà ìsinmi oṣù Kẹwàá. Torunn sunkún ayọ̀. Ó ti rí kókó ọ̀rọ̀ tó máa sọ nípàdé ọdún méjì gbáko. Eivind ní òun á dúró ti àwọn àgùntàn. Ọlọ́gbọ́n ni Eivind.

Ìlú kékeré kan létí odò ni wọ́n dé sí ní Guangxi. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Torunn wọ síliìkì pupa kan tó rà fún ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìjẹun òtẹ́ẹ̀lì, láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn onílé. Ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n wọ irú rẹ̀ gan-an; iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa mú oníbàárà lọ sídìí tábìlì. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá kan ti gbé agbòjò tó tutù lé e lọ́wọ́, ó ní àwọn mẹ́rin làwọn, àwọn sì ń fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Torunn jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ nílé re. Ó mú wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Jákẹ́ẹ̀tì òjò rẹ̀ ló wọ̀ títí wọ́n fi padà sílé.

Gudrun ní tirẹ̀ fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó mú ìgò ojú, ó jáde lọ wá aṣọ ìlú náà. Ohun tó bá pàdé kò bá a lára mu. Àwọn ìyá wọ ṣòkòtò òun sílípáàsì. Àwọn bàbá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ká a sókè kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn níkùn. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ Ragnhild ya jáde bí eéṣú, gbogbo wọn nínú aṣọ eré ìdárayá kan náà, aláwọ̀ búlúù àti funfun, tó fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè wọnú ẹyọ kan. Gudrun dá ọmọ kan dúró, ó fi àtàǹpàkò àti ìka tọ́ apá aṣọ rẹ̀ wò.

"Ọ̀rá ni," ó wí. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wọ̀ ọ́."

Ragnhild rí ara rẹ̀ níwájú pẹpẹ nínú aṣọ eré ìdárayá, àlùfáà ń gbọ́wọ́ lé e lórí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún fẹ́ pa á. Kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ jáde.

Lijun, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ibẹ̀ ni Gudrun ti rí aṣọ tó jẹ́ aṣọ. Dúdú bí aró, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lápá, fàdákà lọ́rùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Èwo ni tirẹ̀ nínú wọn?" ó béèrè.

"Ẹ̀yà bíi mélòó kan ló wà ní agbègbè yìí, Màmá," ni Lijun wí. "Oníkálukú ló ní tirẹ̀. Àwọn mìíràn ò sì ní rárá. Ẹ̀yà wo ni ìyá tó bí i?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lójú gíláàsì tó bo àwọn aṣọ náà, Ragnhild rí ìyá àgbà tó yọ ìgò ojú, tó nù ún, tó tún fi í sójú, bí ẹni pé ìgò ló ń parọ́. Ẹni tí òfin ò fi sílẹ̀ rí láyé ni òfin wá fi sílẹ̀ ní gbangba.

"Ṣé kò wá ní sí aṣọ kankan fún mi nìyẹn?" ni Ragnhild béèrè.

Gudrun dì í lọ́wọ́ mú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ jẹun ọ̀sán nílé Àǹtí Nong. Òun ló tọ́jú Ragnhild nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó sì ń jayé orí rẹ̀. Ó ti ṣe irun tuntun torí àlejò, ó fi ẹ̀gbà góòlù méjì sọ́wọ́, ó sì ń gbé ọwọ́ náà sókè ju bí iṣẹ́ ṣe nílò rẹ̀ lọ. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi di Ragnhild létí mú, tó ká etí náà wò lẹ́yìn.

"Àmì rẹ̀ rèé! Òun ni! Yéè, ta ló ń febi pa ọmọ yìí? Nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ń jẹun dáadáa," ni Torunn wí kíákíá. "Oúnjẹ Ṣáínà gan-an ni mo ń fún un."

"Ìyẹn ni mo ṣe rù," ni Ragnhild wí. Lijun ò túmọ̀ ìyẹn.

Wọ́n gbé oúnjẹ dé: ẹsẹ̀ adìẹ nínú ata, ọbẹ̀ ọmọ ọparun kíkan, àti orí pẹ́pẹ́yẹ tó tò lérí ara wọn nínú àwo, tí wọ́n ń wo ojú àlejò. Torunn, olùkọ́ni ní orísun, ní òun jẹun yó ní òtẹ́ẹ̀lì. Àǹtí Nong wò ó tàánú-tàánú.

Gudrun kò wo ẹnikẹ́ni. Ó mú orí pẹ́pẹ́yẹ kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Ọmọ Voss ni. Lọ́dọọdún tí ìgbà òtútù bá ń wọlé, orí àgùntàn ni wọ́n ń jẹ, a kì í sì jẹ́ kí ojú tutù. Kò pẹ́ tí kò fi sí nǹkan kan mọ́ lórí egungun náà tí eèrà lè bá nídìí.

Àǹtí Nong pàtẹ́wọ́. "Èèyàn rèé! Ará ibo nìyá yìí?"

"Ibi tí a ti ń jẹ orí àgùntàn," ni Gudrun wí.

"Ojú lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ojú ni. Òun ló lọ́ràá jù."

"Irọ́ ni. Ọpọlọ ni."

"Ọpọlọ kì í sá lọ. Ojú ló máa ń dì."

Wọ́n bá ara wọn jiyàn lórí èyí bí ẹni tó ti mọra láti ìgbà èwe, ẹnu Lijun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí inú Gudrun ti dùn tán, ó nu ọwọ́, ó wá béèrè ohun tó gbé e wá: bí ọmọ ìlú yìí bá fẹ́ dúró níwájú Ọlọ́run àti èèyàn, aṣọ wo ló tọ́ kó wọ̀?

"Èyí tó bá mọ́," ni Àǹtí Nong wí. Ó wá dúró, ó tún Gudrun wò. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ́ sọ́mọ yìí gan-an? Mo rò pé àǹtí wọn kan ni yín."

"Ìyá ìyá rẹ̀ ni mí."

Àǹtí Nong gbé igi ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá ìyá rẹ̀," ó wí. "Ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ̀yin la ti ń retí látọjọ́ yìí!"

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Wọ́n gbọ́ tó ń yẹ àpótí wò tó ń ráhùn. Nígbà tó jáde, ọ̀já ìpọnmọ ló gbé lọ́wọ́, aláró, tó ti ṣá, pẹ̀lú okùn gígùn méjì àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó há mọ́ra wọn débi pé Gudrun sún àga mọ́ ọn.

"Níbí," ni Àǹtí Nong wí, ó sì ń fi ìka gún tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́, "tọ́mọ bá ti pé oṣù kan, ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé ọ̀já wá. Kì í ṣe ìyá bàbá. Kì í ṣe ìyá fúnra rẹ̀. Ìyá ìyá! Ọwọ́ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi rán an. Èyí, ìyá ìyá tèmi ló rán an fún ìyá mi láti fi pọ̀n mí, èmi náà sì fi pọn ọmọ mi. Àwọn ọmọ aláìlóbìí ilé wa, ta ló ń gbé ọ̀já wá fún wọn? Ọ̀já ilé mi ni mo fi pọn ọmọ yìí. Tí mo bá ti ń dì í, màá máa sọ fún un pé, 'Ìyá ìyá rẹ dà? Obìnrin wo ló lọ́ra tó báyìí?' Ẹ sì wá dé lónìí, ọwọ́ òfìfo, ẹ ń bi mí pé aṣọ wo ló tọ́! Èyí tí ẹ bá rán ló tọ́. Ta ló tún kù tó máa rán an?"

Torunn ti ń sunkún, ó sì hàn pé ó ń wá ibi tó máa fi ìtàn náà sí nínú ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ragnhild yíjú sí Gudrun. Ó mọ ìyá àgbà: ẹkún ò lè yí i lọ́kàn padà. Ojú Gudrun ò kúrò lára iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn.

"Àpẹẹrẹ ibo nìyí?" ó béèrè.

"Ti abúlé ìyá ìyá mi. Ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún."

"Kì í ṣe ti ìlú yìí?"

"Báwo ló ṣe máa jẹ́ ti ìlú yìí? Ìlú yìí kọ́ ló rán an. Ibi tí ìyá ìyá bá ti wá ni àpẹẹrẹ ti ń wá."

"Ṣé bí gbogbo yín ṣe ń ṣe é nìyẹn, àbí ilé yín nìkan?"

"Gbogbo wa! Ẹ lọ bi ará ilé kejì."

"Òfin ni?"

"Òfin ni!"

Gudrun jókòó tààrà. Ragnhild rí i tí ìmọ́lẹ̀ là lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó ti tú gbogbo ilé nítorí ìgò ojú, tó wá rántí fọwọ́ kan orí. Obìnrin náà kò rú òfin rí. Wọn ò ní kó rú u báyìí. Wọ́n ní òun gan-an ló ti ń rú u látọjọ́ yìí: ìyá ìyá tó ti Voss wá, tí kò tíì rán ti Voss.

Ó fa téèpù yọ lọ́rùn.

"Ragnhild. Dìde."

"Níbí? Ẹ̀gbẹ́ egungun pẹ́pẹ́yẹ?"

"Mo ti jẹ̀bi tó. Dìde! Má fa ikùn wọlé. Wàá jẹun lọ́jọ́ náà."

Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, Àǹtí Nong ní òun náà fẹ́ mọ bó ti tó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ẹ̀yìn. "Gùn mí. Jẹ́ kí n pọ̀n ọ́ wò." Ragnhild fi orí kan ga jù ú lọ. Wọ́n fi ọ̀já dì í mọ́ ọn lẹ́yìn, Lijun dì í mú láti apá kan, Torunn láti apá kejì. Àǹtí Nong gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ Ragnhild ń wọ́ nílẹ̀, gbogbo wọn sì wó lé àga. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ará ilé kejì fi yọjú.

Kí wọ́n tó lọ, Àǹtí Nong mú síṣọ́ọ̀sì, ó gé gígùn ọwọ́ kan kúrò lára okùn ọ̀já náà. Gudrun kígbe bí ẹni tí wọ́n gé ní ìka.

"Ẹ má gé e! Iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́!"

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ìyá ìyá tiwọn," ni Àǹtí Nong wí. "Àwọn yẹn ò pẹ́ kí wọ́n tó dé." Ó sì ki okùn náà bọ Ragnhild lọ́wọ́.

Gbogbo ìgbà òtútù ni Gudrun fi rán bunad náà. Torunn sọ̀rọ̀ nípàdé nípa ìrìn-àjò wọn, àwọn èèyàn sì nu ojú. Ragnhild na ọwọ́ látẹ̀yìn: "Mọ́mì, ẹ ò sọ ti agbòjò." Láti ìgbà yẹn, tákò ni wọ́n ń jẹ lálẹ́ Jímọ̀. Àtùpà pupa ṣì wà níbẹ̀. Ragnhild ló ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń nu eruku wọn báyìí.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún pé. Òjò tó dà bíi yìnyín ń rọ̀, bó ti yẹ kó rí. Ragnhild bọ́ sójú títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, yẹ̀rì rẹ̀ wúwo, ìlẹ̀kẹ̀ àyà rẹ̀ ń dán, fàdákà rẹ̀ ń mì. Borghild ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́, níbi tó ti máa ń dúró. Ó wo Ragnhild láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó tún un wò láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Kò rí nǹkan kan, ìyẹn sì bà á nínú jẹ́, àfi ìgbà tí ojú rẹ̀ balẹ̀ sí ìbàdí, níbi tí etí okùn aláró kan ti yọ díẹ̀ lábẹ́ ìgbànú.

Borghild rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó mà dáa o."

"Kì í ṣe pé ó dáa," ni Gudrun wí. "Ó tọ́."

"Búlúù yẹn? Níbo ló ti tọ́?"

"Níbi tó ti wá. Mo lọ béèrè." Gudrun tún ápúrọ́ọ̀nù ara rẹ̀ ṣe. "Ṣé o ti débẹ̀ rí?"

Borghild, tí kì í dé Bergen tó wà nítòsí pàápàá àfi bí eyín bá ń dùn ún, wo àsíá lókè.

Wọ́n ya fọ́tò náà lórí àtẹ̀gùn, Gudrun sì gbé e kọ́ sára ìṣó kó tó bọ́ bàtà. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Àǹtí Nong. Lọ́jọ́ kejì, èsì dé lórí fóònù, ohùn Lijun ló ń túmọ̀ rẹ̀: "Àǹtí ní ó rẹwà. Ó ní ó ṣì rù. Ó tún ní okùn ápúrọ́ọ̀nù yẹn dẹ̀ lápá òsì, ta ló rán an?"

Kò sẹ́ni tó tọ́ abẹ́rẹ́ Gudrun sọ́nà rí ní gbogbo Voss. Ragnhild di ẹ̀rín mú, ó ń dúró de ààrá. Gudrun lọ sídìí ògiri. Ó mú ìgò ojú, ó sún mọ́ fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́.

"Lọ gbé ápúrọ́ọ̀nù yẹn wá," ó wí, ó sì ń wá abẹ́rẹ́.